Dò, re, mí inú èdè wa kì í ṣe ti dùùrù

Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń kà á pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: dò, re, mí. Ọ̀pọ̀ ló wá gbà pé ohùn orin gan-an la fi ń sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá pe "ìlú" ti kọ dò àti mí ti orí dùùrù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ítálì ni orúkọ yẹn ti wá. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, mọ́ńkì kan, Guido ará Arezzo, ń wá bí àwọn akọrin rẹ̀ ṣe máa tètè mọ orin. Ó mú orin Látìn kan tí wọ́n fi ń yin Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lókè èyí tó ṣáájú. Sílébù tó bẹ̀rẹ̀ wọn ló sọ di orúkọ ohùn: ut, re, mi, fa, sol, la. Ẹ̀yìn náà ni ut di do. A yá mẹ́ta níbẹ̀ fún èdè wa. Orúkọ nìkan la yá.

Lórí dùùrù, àlàfo dò sí re kì í yí padà, ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò mọ ìyẹn. Ẹni tó ń bínú á fẹ àlàfo náà, ẹni tí àárẹ̀ mú á sún un mọ́ra, síbẹ̀ "ọkọ̀" ò ní di "ọkọ́" lẹ́nu wọn. Ẹ rọra pe "wúrà" wò. Dò ìparí yẹn kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló ń yọ̀ bọ̀ láti òkè. Dùùrù ò lè ṣe é. Onídùndún lè ṣe é: á fún ọsán mọ́ra, á fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, á sì dẹwọ́ kí ohùn náà tó tán.

Ẹ tún gbé oríkì kan fún asunrárà méjì. Ohùn wọn ò ní dọ́gba, sol àti la á wọ̀ ọ́, yóò sì yé wa. Ìgòkègbodò ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ bà jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó ti ṣì í: orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó, ò tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ ló jẹ́ kó ṣáájú, orin wá ń tẹ̀ lé e.