Kúláǹtì kì í ṣe nǹkan ìlú òtútù nìkan o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé omi lásán ti tó fún rédíétọ̀ mọ́tò ní Nàìjíríà torí a ò ní yìnyín, pé tí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ ra kúláǹtì (coolant, nǹkan olómi tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù), kó ṣáà ti wo kọ́lọ̀, gíríìnì lè wọnú gíríìnì. Kò rí bẹ́ẹ̀, méjèèjì ni kì í ṣe òótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn, ìyẹn pé kí omi inú rédíétọ̀ má dì, apá kan péré ni nínú iṣẹ́ kúláǹtì. Omi lásán ń hó ní 100°C, àmọ́ tẹ́ ẹ bá po kúláǹtì àti omi ní ìlàjì-ìlàjì, ó di nǹkan bí 107°C kó tó hó, ìdérí rédíétọ̀ tó dáa sì tún máa gbé e sókè sí i, nínú gósílóò Èkó lọ́sàn-án gangan ẹ máa mọ iyì ẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé omi lásán ń jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, omi kànga tó níyọ̀ tiẹ̀ burú jù, inú kúláǹtì sì ni oògùn ìpẹtà wà.

Ti kọ́lọ̀, aró lásán ni, kálukú kọ́ńpìnnì ló ń yan tiẹ̀. Gíríìnì méjì tí ò bára mu lè dì bí ògì kó dí rédíétọ̀.

Ìwé mọ́tò yín ló máa sọ irú èyí tó gbà. Ẹ ka ara ike náà, torí òmíì ti lómi nínú tẹ́lẹ̀, èyí tí ò bá ní ni kẹ́ ẹ fi distilled water (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú ẹ̀ kúrò) pò. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.