Orúkọ Tí Ó Hàn Lórí Ímeèlì Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ẹni Tí Ó Fi Í Ránṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àdírẹ́ẹ̀sì báńkì wọn tàbí ti ọ̀gá wọn bá ti hàn lókè ímeèlì, àbùṣe bùṣe, ọ̀dọ̀ ẹni náà gan-an ni lẹ́tà ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀, orí ìgbàgbọ́ yìí sì ni ọ̀pọ̀ gbájúẹ̀ ń jẹun sí.

Apá méjì ni àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì ní: èyí tí ó ṣáájú àmì @ ń tọ́ka sí àpótí lẹ́tà ẹnì kan, èyí tí ó tẹ̀lé e ń tọ́ka sí ilé tí àpótí náà wà, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní domain. Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, ni ó yan àmì náà ní ọdún 1971. Nígbà tí Jon Postel wá kọ ìlànà SMTP, tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn, sílẹ̀ ní 1982, àwọn tí ó ń lò ó kò pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn, nítorí náà ìlànà ọ̀hún kò béèrè kí ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ fi hàn pé òun gan-an ni ó ni orúkọ tí ó lò. Bí ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni: ẹni tí ń pín lẹ́tà ń wo ibi tí lẹ́tà ń lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá wu ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó lè kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé. Ímeèlì tilẹ̀ ní orúkọ méjì, ọ̀kan lórí àpò, èkejì nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú lẹ́tà ni ojú wa ń rí, kò sì di dandan kí méjèèjì bára mu.

Nítorí àléébù yìí ni wọ́n ṣe wá gbé ìlànà àyẹ̀wò mẹ́ta kalẹ̀: SPF, DKIM àti DMARC. SPF ń sọ àwọn ẹ̀rọ tí ilé kan yọ̀ǹda kí ó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. DKIM dà bí òǹtẹ̀ tí a lù sí lẹ́tà. DMARC ń wò ó bóyá ilé tí a rí lójú lẹ́tà bá èyí tí ó yege nínú SPF tàbí DKIM mu, ó sì ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tí ó bá kùnà. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí lẹ́tà kan nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ tẹ àmì tíntìntín mẹ́ta tí ó wà lápá ọ̀tún òkè rẹ̀, tí ẹ sì yan “Show original”, ẹ ó rí PASS (ó yege) tàbí FAIL (ó kùnà).

Síbẹ̀, PASS kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni náà, nítorí gbájúẹ̀ náà lè ra domain tirẹ̀, kí ó sì yege. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń mọ onílé: bí ẹ bá rí alert@bankiyin.example.net, orúkọ báńkì yín kàn jókòó síwájú lásán ni, ẹni tí ó ni example.net ni ó ni gbogbo rẹ̀. Lórí fóònù, orúkọ nìkan ni ó sábà máa ń hàn, ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ kí àdírẹ́ẹ̀sì tó yọjú. Bí ẹ bá sì ń wá àdírẹ́ẹ̀sì báńkì yín, ẹ má wá a nínú lẹ́tà tí ẹ ń fura sí. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè.