Eruku Inú Ìgò

Ẹ̀yin olówó eruku, ẹ̀yin tí ẹ ń fi rọ́bà to ọkọ̀ ogun kékeré, tí ẹ sì ń ra eruku dà sí i lára kó lè jọ èyí tó ti ojú ogun dé, mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí i. Orí tábìlì kan ní Tanke ni mo ti rí i: ìgò róbótó, mílílítà 35, tí kò tó ìdajì ife tíì, tí wọ́n fi òyìnbó kọ "Eruku Àríwá Áfíríkà" sí lára. Ẹni tó ni ín rọra ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wa má mí. Ká má mí! Nínú oṣù kìíní, ní Ìlọrin, nígbà tí ọyẹ́ ti kun ewé máńgòrò ìta débi pé ewé ò yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n bá wọn tọ ipa ọ̀nà ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà wù mí gan-an ni. Sípéènì ni wọ́n ti rọ eruku yẹn sígò. Ó wọ bàálù, ó balẹ̀ sí Èkó, wọ́n gba owó ẹnubodè lórí ẹ̀, ó wọ mọ́tò gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ó sọ̀ ní Offa Garage, ọlọ́kadà sì gbé e dé Tanke. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ tó ń fẹ́ lójú fèrèsé, láti Sàhárà lòun náà ti ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó ń gbé e kọjá odò Ọya, ó ń dà á lé àwa ará Kwara lórí lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì. Kò gba owó mọ́tò. Kò béèrè àdírẹ́sì. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń wọ àpótí aṣọ, ó ń wọ imú. Ọ̀gbẹ́ni náà ń sín bó ṣe ń ṣí ìgò! Eruku ọ̀fẹ́ ló ń mú un sín, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo eruku olówó kí sísín má baà fẹ́ ẹ lọ.

Mo yìn wọ́n o. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè fowó ra ohun tó ti wà nínú imú ẹ̀.

Èyí tí mo rí yẹn, ọ̀kan ni nínú mẹ́rin. Ti Yúróòpù wà lọ́tọ̀. Ti ìpẹtà wà lọ́tọ̀, ìpẹtà tuntun kan, ìpẹtà àtijọ́ kan. Ẹrẹ̀ ń bẹ nínú ike tiẹ̀, ẹrẹ̀ tútù lọ́tọ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ lọ́tọ̀. Ọ̀nà iwájú ilé wa tí wọ́n ti ń ṣèlérí ọ̀dà fún látọjọ́ gbọọrọ, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀: ẹrẹ̀ tútù nígbà òjò, ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ẹ̀, eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àṣé ọrọ̀ la fi ń wẹsẹ̀ lálaalẹ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mo sì gbà pé ó le. Tiger, ọkọ̀ ogun Jámánì tí gbogbo wọn dì mọ́ yẹn, ní ìwọ̀n 1/35, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi gùn tó ìlọ́po 35 rẹ̀, kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ bí a kò bá ka àgbá rẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan jẹ́ ègé 96 lápá ọ̀tún, 96 lápá òsì. Ègé kọ̀ọ̀kan ni èèyàn máa gé kúrò lára ọ̀pá rọ́bà tó gbé e, tó máa fi abẹ fá ojú ibi tó ti gé e, tó máa fi pépà ìfági 400 ra á, kó tó fi 600 dán an. Ẹni tó bá fi ìrékáná gé e mọ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà á funfun, á fà ya wọnú ègé, ihò á kù síbẹ̀. Òkèèrè díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé e, kí wọ́n tó wá gé èyí tó ṣẹ́ kù. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lẹ ìwé. Ńṣe ló ń yọ́ ojú rọ́bà méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ìka kàn án kó tó gan á fi tẹ ìka sára ọkọ̀ títí ayé. Mo ti rí Tiger tí ìtẹ̀ka ọlọ́wọ́ ẹ̀ hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Bí ọlọ́pàá bá ń wá ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ wọn ti parí.

Ẹ wá wo ìjà wọn lọ́jọ́ ìpàdé. Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ kalẹ̀. Ó ti fi pọ́tì ṣe ilà wínníwínní tí àwọn Jámánì ń rẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ wọn kí bọ́ǹbù onímágínẹ́ẹ̀tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Zimmerit. Ó ṣe é dáadáa. Ó wá kun ún ní àwọ̀ eérú dúdú. Háà! Alhaji kan dìde, ó ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Oṣù kejì ọdún 1943 ni Jámánì pa àwọ̀ eérú tì, tí wọ́n bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè tó ṣókùnkùn. Zimmerit ò sì dé títí di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n tún pa á tì ní oṣù kẹsàn-án 1944. Eérú àti Zimmerit ò lè pàdé lára ọkọ̀ tó ń jáde ní ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni Alhaji sọ, mi ò já a nírọ́. Àmọ́ ẹ bi Alhaji yìí kan náà pé oṣù wo ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo fóònù."

Wọ́n tún ń bú ara wọn lórí ààbọ̀ mìlímítà. Ẹnìkan ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹnìkejì tóbi ju ti gidi lọ, ìyẹn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n 1/35 tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún yìí, bátìrì ló bí i! Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Tamiya ti Japan fẹ́ kí ọkọ̀ Panther wọn lè máa rìn fúnra ẹ̀, wọ́n wá ṣe ikùn ẹ̀ kó lè gba mọ́tò kékeré àti bátìrì méjì. Nígbà tí wọ́n ṣírò ibi tó bọ́ sí, wọ́n bá 1/35. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kù sì tẹ̀lé wọn. Ohun tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ yodì nìyẹn o.

Ti ọ̀dà ń kọ́? Kí wọ́n tó kun púráímà, ó yẹ kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà, torí epo tó jẹ́ kó yọ nínú mọ́ọ̀dù ṣì lè wà lára ẹ̀, ọ̀dà ò sì ní í dúró lórí epo. Ẹni tó lọ gba tínà lọ́wọ́ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Taiwo, tó fi fọ ọkọ̀ ẹ̀ nígbà tí ọ̀dà kò dáa, rọ́bà ló yọ́. Airbrush, ìbọn kékeré tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, tí ihò ẹnu ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.3 ń fẹ́ atẹ́gùn tó dúró sójú kan, bíi psi 15 sí 20, ọ̀dà inú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣàn bíi mílíìkì. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ọ̀dà wà lẹ́nu ẹ̀, kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀ tán ó ti gan. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà olómi ń gbẹ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ráyè jáde á gbẹ lójú ọ̀nà, á wá balẹ̀ ní ṣákaṣàka. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń kán retarder, oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, díẹ̀ sí i, ó sì ń sún ẹnu airbrush mọ́ iṣẹ́. Nígbà òjò, omi ń kó jọ nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ó sì ń tutọ́ sára iṣẹ́, fáníìṣì ń funfun lójijì. Àfi kí wọ́n so ike agbomi mọ́ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Gbogbo ìyà yìí ni wọ́n ń jẹ kí ọkọ̀ lè dán, kó sì pé.

Bó bá ti pé tán, wọ́n á bà á jẹ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nìyí. Àwọ̀ ìpẹtà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sísàlẹ̀. Wọ́n á wá gbé sípíréè irun ìyàwó wọn lórí dígí ẹ̀, wọ́n á fín in lẹ́ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó gbẹ, wọ́n á kun ọ̀dà olómi lé e. Láìpẹ́ sí ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi ra á, ọ̀dà òkè á máa ṣí ní ègé kékeré, ìpẹtà á sì yọjú. Bí sípíréè bá pọ̀ jù, ọ̀dà á bó lódindi. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á le, kò ní í ṣí mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olóró tí omi ò lè wọ̀ ni wọ́n kùn, kí wọ́n máa ra á dọ̀la. Madam ò sì rí sípíréè lò lọ sí wàlímọ̀. Ọ̀gá tó jókòó ní wákàtí méjì tó ń fi sùúrù họ ara ọkọ̀ ogun yìí, ọlọ́kadà kan ha Toyota ẹ̀ ní Post Office, ìlà kan péré, ariwo tó pa níbẹ̀ ló kó èrò jọ. Ṣé kì í ṣe wẹ́dàrìǹ, ìyẹn bíba ojú ọkọ̀ jẹ́ kó lè jọ ògbólógbòó, lọkùnrin náà bá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

Ẹ sì jọ̀ọ́, ìpẹtà yín ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ yìn yín, ẹ ò jẹ́ n yìn yín. Rọ́bà etí kẹ̀kẹ́ ń pẹtà. Igi ṣọ́bìrì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń dógùn-ún. Igi! Ọkọ̀ ojú ogun kì í sábà pẹ́ láyé débi tí ìpẹtà á fi jẹ ẹ́ tán. Irin ara ẹ̀ nípọn, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sísàlẹ̀ ẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Ibi tó ń pẹtà kíákíá ni ìdí èéfín, torí iná ti jó ọ̀dà ibẹ̀. Ṣéènì ẹsẹ̀ náà ń pẹtà, àmọ́ ojú tó ń kan ilẹ̀ máa ń dán ni, ilẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ò dán ojú ibẹ̀. Ẹ fi ìpẹtà olówó bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú.

Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú yìí ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, rọ́bà sílípáàsì ni táyà, ìdérí ìgò ni iná iwájú, okùn ni wọ́n fi ń fà á. Kò sẹ́ni tó ra eruku fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ní tiẹ̀. Ìpẹtà náà, ẹ fi agolo sílẹ̀ síta lálẹ́ ọjọ́ òjò méjì péré. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè fa nǹkan kan lókùn. Wọn ò tilẹ̀ lè gbálẹ̀, ẹ rán wọn níṣẹ́ ìgbálẹ̀ kẹ́ ẹ wojú wọn.

Bí wọ́n bá ti da eruku Sípéènì sí i tán, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ náà sí? Inú àpótí onídígí. Kí ni wọ́n ń sá fún? Eruku! Ọ̀kan nínú wọn tí kò tíì rówó ra dígí gbé tiẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó ẹ̀ fi aṣọ tútù nù ún mọ́ tónítóní. Ó ní, "Bàbá Ràhímà, eruku ti bo nǹkan ìṣeré yín, mo ti bá yín nù ún." Obìnrin rere. Wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ eruku? Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ bu ilẹ̀ etí títì, ẹ yan án nínú agbada títí tí omi inú ẹ̀ á fi gbẹ àti kòkòrò inú ẹ̀ á fi kú, ẹ gún un, ẹ fi aṣọ ìsẹ́ ògì jọ̀ ọ́. Ẹ má fi asẹ́ gàrí jọ̀ ọ́ o: hóró tó bá tó mìlímítà kan, òkúta sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ ló jẹ́ ní ìwọ̀n 1/35, kò sì sí eruku tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ dà á síbi tí eruku ti ń kó jọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àti àárín kẹ̀kẹ́. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì mìíràn kán sìpírítì kẹ́míìsì sí etí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fà á mu fúnra ẹ̀. Á dúdú, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má dà kún un, torí bó bá gbẹ á padà mọ́. Àwọn tí kò ní sùúrù ló ń dà kún un, tí wọ́n fi ń sin ọkọ̀ láàyè. Ẹ má fín fáníìṣì lé e lórí, eruku á pòórá. Ẹrẹ̀ náà kò ju kí ẹ po ìyókù pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àti omi díẹ̀. Ó tán.

Ẹ ní ilẹ̀ Ìlọrin pọ́n jù fún Tiger. Mo gbà. Tunisia tó ti jà títí di oṣù karùn-ún 1943 ò pọ́n tó báyìí, ilẹ̀ Rọ́ṣíà sì dúdú. Ọkọ̀ wo ló wá yẹ ilẹ̀ pupa? Ìlú tí wọ́n ń kì pé kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ìlú tí Brigade 22 tó ń lo ọkọ̀ onírin wà ní Sobi rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe ọkọ̀ ogun Nàìjíríà kan ṣoṣo nínú yín. (Ẹ má gbé kámẹ́rà lọ sí Sobi o, mi ò ní í wá gba bẹ́ẹ̀lì yín.) Saladin àti Ferret, ọkọ̀ onírin alátáyà, ni àwọn sójà wa gbé lọ sógun láti 1967 sí 1970, ilẹ̀ Nsukka sì pọ́n débi tí ẹnikẹ́ni ò fi ní í bá yín jà lórí àwọ̀. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ti wà ní Umuahia láti 1985, àwọn ọkọ̀ onírin tí Bìáfírà fọwọ́ ara wọn jó pọ̀ wà níbẹ̀ tí èèyàn lè yí po. Wọ́n ní kò wuyì. Wọ́n ní Saladin ò lójú. Àgbá mìlímítà 76, sójà mẹ́ta nínú ẹ̀, táyà mẹ́fà péré, kò ní ṣéènì kankan. Ẹni tó ti jókòó gé ègé 192 fún Hitler, táyà mẹ́fà ló wá ń dùn ún lọ́wọ́?