Èlò ọbẹ̀ pé, iná ni kò sí

Kí n sọ tèmi síbí, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó bá mi fà á.

Bí ọ̀rọ̀ phytoplankton bá ti délẹ̀, ìyẹn àwọn ewéko wínníwínní tó ń léfòó nínú omi, tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló máa ń gba ẹnu gbogbo wa: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ajílẹ̀ tí àgbàrá gbá kúrò lóko. N kò jiyàn pé wọ́n nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹnu odò ilẹ̀ olóoru, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun, mo rò pé ìmọ́lẹ̀ àti àyè àtidúró ni wọ́n máa ń ṣaláìní ju oúnjẹ lọ.

Ẹ wo odò nígbà òjò. Ó ru oúnjẹ dé lóòótọ́, àmọ́ ó ru ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Omi á rú, á pọ́n bí omi amọ̀, oòrùn tó ń ràn lókè kò sì ní lè wọlé tó mítà kan nígbà míì. Ìṣàn omi a máa gbé ewéko wọ̀nyí lọ sókè, a tún gbé wọn bọ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí wọ́n ń ná láti fi mí á ju ohun tí wọ́n ń rí fi ìmọ́lẹ̀ sè. Èlò ọbẹ̀ pé, iná ni kò sí.

Ti ìdúró yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹyọ kan ń pín sí méjì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ (àwọn tó tètè ń pọ̀ nínú wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀). Bí odò bá ń sáré tó jẹ́ pé ọjọ́ 2 péré ni omi fi ń gba ẹnu odò kọjá sí òkun, ẹyọ kan á di 4 kó tó lọ, àwọn ẹ̀dá omi tó ń jẹ wọn á sì ti mú tiwọn nínú 4 náà. Bí omi bá lo ọjọ́ 10, ẹyọ kan náà lè di 1,024. Omi kan náà, oúnjẹ kan náà, oòrùn kan náà. Eré tí omi ń sá nìkan ló yàtọ̀. Ajílẹ̀ wo ló lè bá ìyẹn dọ́gba?

Níbi tí òtútù ti ń mú, òtútù àti ọjọ́ kúkúrú ló máa ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa pọ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ yípo ọdún, òjò ló wá di kàlẹ́ńdà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, omi òkun á wọlé, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì mú kí èérún amọ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, kí wọ́n rọlẹ̀. Omi á tòrò. Àsìkò yẹn ni ewéko náà máa ń pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹnu odò. Àmọ́ kì í ṣe àwọn ti ìjọ́sí mọ́. Omi odò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀, omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kílò kan, ọ̀pọ̀ àwọn tí omi odò bí kò sì lè fara dà á. Ẹni tó bá kàn ń wo bí àwọ̀ ewé inú omi ṣe pọ̀ tó kò ní mọ̀ pé onílé ti yí padà.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni odò Amazon. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi odò tó ń wọ òkun lágbàáyé, òun nìkan ló ń tú u. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ gan-an ni ewéko omi ti ń pọ̀ jù, nítorí ẹrẹ̀. Lójú òkun lọ́hùn-ún, níbi tí ẹrẹ̀ ti rọlẹ̀ tí oúnjẹ sì ṣẹ́kù, ni wọ́n ti ń gbilẹ̀.

Ibi tí ẹnu mi ti rọ̀ díẹ̀ ni ti odò Náílì. Ẹnu rẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ olóoru, òjò ilẹ̀ Etiópíà ló ń mú un kún. Nígbà tí ìdídò ńlá Aswan ní Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkún omi rẹ̀ dúró ní 1964, ẹrẹ̀ dín kù lóòótọ́, àmọ́ ewéko tó máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkún omi kò pọ̀ mọ́, ẹja sadín-ìn tí wọ́n ń kó níbẹ̀ sì já wálẹ̀. Òkun ibẹ̀ kò lóúnjẹ, odò ló gbójú lé. Ìdídò a tún máa há sílíkà (èròjà tó wà nínú yanrìn) mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn diatom, irú kan nínú ewéko wínníwínní wọ̀nyí, fi ń kọ́ ìkarahun wọn. Nítorí náà, n kò sọ pé oúnjẹ kò já mọ́ nǹkan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ẹnì kan lọ bu omi ìgò kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó wá sọ fún wa pé ara ẹnu odò kan yá. Lọ́sàn-án, ewéko ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, àwọn náà ń fà á, ìdí nìyẹn tí ẹja fi sábà máa ń kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Láti 1865 ni Angelo Secchi, àlùfáà àti onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, ti lo àwo funfun tí wọ́n so mọ́ okùn: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí i mọ́, kí ẹ wo bó ṣe jìn tó. Kò wọ́n rárá. Bí ẹ bá gbé ìwọ̀n náítírójìn wá bá mi, mà á kọ́kọ́ bi yín níbi tí àwo yẹn ti pòórá, àti oṣù tí ẹ bu omi náà.