Ilé-iṣẹ́ ló ni ejẹ́ǹtì, òun ló sì máa dáhùn fún un

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní Houston lọ́sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan kọ ọ́ pé owó tí òun fi ránṣẹ́ sí màmá òun ní Ṣàgámù ò dé, ejẹ́ǹtì tó gbà á, ìyẹn oníṣọ́ọ̀bù tó ń bá ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ gba owó, ò sì gbé fóònù mọ́. Kí n tó kà á tán, àwọn ọ̀mọ̀ràn ti dá a lóhùn: "Ẹ gbàgbé owó yẹn. Ẹ̀yin àti ejẹ́ǹtì ni, ilé-iṣẹ́ ò mọ̀ yín rí." Àwọn àgbà ń ṣe àmín sí i! Irọ́ yìí ti sú mi.

Ẹ mú rìsíìtì yín jáde. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sókè òkun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2013, ní kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ gan-an wà lórí ẹ̀, pẹ̀lú ti àjọ ìpínlẹ̀ tó fún un ní láísẹ́ǹsì àti ti CFPB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó. Òfin yẹn kan náà ló sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí ejẹ́ǹtì bá rú òfin náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́, ọrùn ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀bi wà. Bí owó ò bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì, ẹ ní 180 ọjọ́ láti fẹjọ́ sùn, ilé-iṣẹ́ sì ní 90 ọjọ́ láti wádìí. Bí ẹ bá yí ọkàn padà láàárín 30 ìṣẹ́jú tí ẹ sanwó, tí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ò tíì gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ dá gbogbo ẹ̀ padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3, owó iṣẹ́ pẹ̀lú.

Ìpínlẹ̀ náà ní tiẹ̀. Ní Texas, Orí 152 nínú ìwé òfin ìṣúná ló ti ń darí òwò yìí láti oṣù kẹsàn-án 2023, Texas Department of Banking ní Austin ló sì ń ṣọ́ wọn. Inú òfin àwòṣe (èyí táwọn ìpínlẹ̀ lè wò ṣe tiwọn) tí CSBS, ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó báǹkì ìpínlẹ̀, gbé jáde ní 2021 ló ti wá, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti gbà á wọlé. Ohun tí òfin àwòṣe yẹn sọ ni pé ilé-iṣẹ́ àti ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ jọ tọwọ́ bọ̀wé, ejẹ́ǹtì ò sì lè yan ejẹ́ǹtì tiẹ̀. Owó tó gbà lọ́wọ́ yín, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, ó kàn ń bá ilé-iṣẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni. Bó bá dà á pọ̀ mọ́ owó pánlá tó tà, òfin á gbẹ́sẹ̀ lé owó pánlá náà títí iye tó jẹ á fi pé. Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ni owó ló máa wá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́?

Wọ́n á ní ṣọ́ọ̀bù náà ò gbé láísẹ́ǹsì kọ́ sára ògiri. Kò nílò ẹ̀. Abẹ́ láísẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ ló wà. Wọ́n á ní èlùbọ́ ló ń tà. Kó máa tà á.

Èyí ṣojú mi. Àbúrò mi obìnrin fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, owó ò dé, oníṣọ́ọ̀bù ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Kò bá a jà. Ó pe nọ́ńbà orí rìsíìtì. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dá a padà sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, ló bá ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ fún òun, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Austin. Ohùn wọn yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dá owó padà, àtowó iṣẹ́.

Ó dáa, mo gbà: ẹni tí kò gba rìsíìtì á sáré púpọ̀ kó tó rí owó ẹ̀ gbà. Bọ̀dá tó ń gba dọ́là níbí lórí Zelle, ètò tí à ń fi sanwó látinú báǹkì kan sí òmíràn lórí fóònù, tó ń san náírà l'Ékòó ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ejẹ́ǹtì ẹnikẹ́ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, kò sí láísẹ́ǹsì, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 ló sì wà nínú òfin ìjọba àpapọ̀ fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Bí òun bá gbé owó yín sá lọ, ẹ má wulẹ̀ pe Austin, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ gbà.