Àtàǹpàkò Tó Bo Ìlà Kékeré

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ti Japan. Hóró bí oògùn tí wọ́n fi ìrẹsì pupa tí wọ́n fi èbu sí ṣe, tí wọ́n ní ó ń fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀, kíndìnrín ló lọ bá jà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni dókítà ti ń kìlọ̀ fún Kobayashi Pharmaceutical, ilé iṣẹ́ tó ń tà á, ó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹta kí wọ́n tó ní káwọn èèyàn dá a padà, nígbà tó di oṣù Keje ni wọ́n kéde pé alága àti ọ̀gá àgbà ń fipò sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó ká wa lára jù ni ìlà kékeré tó wà lára páálí ọjà yẹn, tó ní ìjọba ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?

Ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, n'Íbàdàn. Kí ọkọ̀ tó kún, bọ̀ọ̀dá kan á ti dìde, á gbàdúrà fún gbogbo èrò, á wá fa ike fítámì C àti E yọ nínú báàgì, á ní ó ń fọ òpó ẹ̀jẹ̀, ó ń yọ ọ̀rá tó dí i, ẹni tó ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kó lò ó foṣù mẹ́ta péré. Tẹ́nì kan bá ní ṣé ìjọba mọ̀ sí i, á ní "Màámi, nọ́ńbà NAFDAC rèé, ẹ kà á fúnra yín", àtàǹpàkò ẹ̀ á sì ti bo ìlà òyìnbó tó ní NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ọjà náà ń ṣe wò.

Ká má ṣàbòsí, ọ̀rọ̀ fítámì yìí nídìí. Àwọn onímọ̀ ti fún ẹni tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ẹ̀ ga ní fítámì C, iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ẹ̀ sì là dáadáa fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n apá nìyẹn o. Ní Britain, èèyàn 20,536 ni wọ́n kó jọ, ìlàjì lo 600 mg fítámì E, 250 mg fítámì C àti 20 mg beta-carotene (èyí tí ara ń sọ di fítámì A) lójoojúmọ́ fún bí ọdún 5, ìlàjì lo hóró tí ò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2002, fítámì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lóòótọ́, àmọ́ heart attack ò dín, rọpárọsẹ̀ ò dín. Simvastatin 40 mg, oògùn tí dókítà ń kọ fún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, tí wọ́n dán wò láàárín àwọn èèyàn yìí kan náà, ìyẹn dín heart attack àti rọpárọsẹ̀ kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Oògùn yẹn gan-an làwọn kan ń jù sí kọ̀rọ̀ nílé torí ike fítámì.

A ti sọ ọ́, a tún ń sọ ọ́, nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin ọ̀gá NAFDAC ò mọ̀ pé nọ́ńbà yín ni wọ́n fi ń tajà ni? Àbí ẹ kì í gbọ́ rédíò? Ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, ó sú wa o! Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ òpó ẹ̀jẹ̀, kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Títí dìgbà yẹn, ẹ kọ ìlà yẹn ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, kó tóbi bí orúkọ ọjà, kí àtàǹpàkò má lè bò ó, kẹ́ni tó ń polówó lórí rédíò sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ kó tó sọ iye tó ń tà á.