Epo pupa kì í fọ èéfín kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ

Ẹ gba Lágéré kọjá nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ní Ifẹ̀ níbí. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà ń tú èéfín, ẹnì kan sì ti dáná sun ìdọ̀tí lẹ́bàá gọ́tà. Ìyá ń dín àkàrà, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wúkọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Ẹ fún un ní epo pupa, á fọ àyà ẹ̀." Ní ti àwọn wẹ́dà, mílíìkì inú agolo ni wọ́n gbà gbọ́.

Irọ́ ni o. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun: ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a bá gbé mì, ikùn ló ń lọ. Níbo wá ni epo àti èéfín ti fẹ́ pàdé? Èyí tó burú jù nínú èéfín ọ̀hún ò tiẹ̀ ṣeé fojú rí. Kò tó ìdá ogún ìbú irun orí kan. Ó ń wọlé lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn a tibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn tó ń búra pé epo ṣiṣẹ́ ò kúkú purọ́. Ó máa ń tu ọ̀fun tó ń yún lára, ikọ́ a sì rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Eruku tó tóbi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń mú un, tí ikọ́ ń gbé e jáde. Ara ló ṣiṣẹ́, epo ló gba ọpẹ́.

Rírọ epo fún ọmọ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù (ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú). Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á dí i nímú, wọ́n á da epo sí i lẹ́nu bó ṣe ń ké. Ọmọ tó ń ké ń mí pẹ̀lú. Epo lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì di òtútù àyà.

Ọmọ tuntun ń mí tó ìgbà 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà, 12 sí 20. Ìyẹn ni pé ọmọ ń fa èéfín sínú léraléra ju àgbà lọ. Ẹ gbé ọmọ kúrò nídìí èéfín, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, ẹ yé sun ìdọ̀tí àti ọ̀rá. Tí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Tó bá tó 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 4, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.